André Citroën, Ọkùnrin Tó Fi Iná Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sójú Ọ̀run Paris

Níbi tí àwọn awakọ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ bá ti pàdé, yálà ní gáráàjì ní Kétu tàbí ní etí ọ̀nà ní Porto-Novo, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sábà máa ń jiyàn lé lórí. Àwọn àgbà á ní ọkọ̀ àtijọ́ ló lágbára, pé irin rẹ̀ nípọn, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe kò ní sùn sọ́nà. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ti ìsinsìnyí ló yá, òun ló rọrùn láti wà, òun ni kì í mu epo púpọ̀. Bí iyàn náà bá ṣe ń gbóná ni orúkọ ọkọ̀ á máa jáde: Peugeot, Renault, Citroën, Toyota. Ẹni tó ń dá àwọn orúkọ wọ̀nyí lè má rántí pé orúkọ ènìyàn ni púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó di orúkọ ọkọ̀. Citroën jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ni orúkọ náà lówó, ó lókìkí ká gbogbo ayé, síbẹ̀ nígbà tí ikú dé, ilé-iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1878 ni wọ́n bí André Citroën ní ìlú Paris. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Ọmọ ilẹ̀ Hollandi ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wá láti Pólándì. Júù ni àwọn méjèèjì. Ìtàn orúkọ wọn dùn ún gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wọn ní Hollandi ń ta èso, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Limoenman, èyí tí í ṣe ọkùnrin ọlọ́sàn wẹ́wẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ pa orúkọ náà dà sí Citroen, tí òun náà jẹ́ orúkọ ọsàn kíkan ní èdè wọn. Ní Paris ni wọ́n ti wá fi àmì tóótòòtó méjì lé orí lẹ́tà náà, kí àwọn Faransé lè pè é bó ṣe yẹ.

Òkúta dáyámọ́ǹdì ni baba André ń tà. Òwò náà mú owó wọlé, ṣùgbọ́n òwò tó kún fún ìpayà ni. Ní ọdún 1884, nígbà tí André jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, baba rẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò jókòó máa sunkún nìkan. Ó di òwò ọkọ rẹ̀ mú, ó tọ́ àwọn ọmọ, ó sì rán wọn lọ sí ilé-ìwé tó dára.

Ọmọ náà fẹ́ràn ìwé Jules Verne, òǹkọ̀wé Faransé tó ń sọ ìtàn àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi àti àwọn ìrìn àjò àràmàǹdà. Láti ọdún 1887 dé 1889 ni wọ́n sì ń kọ́ ilé gogoro onírin ti Eiffel ní Paris. Ojú ọmọ yìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe, bí irin ṣe ń gun orí irin títí ó fi ga ní ọ̀ọ́dúnrún mítà. Ó pinnu láti di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1898 ó wọ École polytechnique, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé gíga tó le jù lọ láti wọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Kò pẹ́ sí i tí ìyá rẹ̀ fi kú.

Ní ọdún 1900 ó lọ kí àwọn ìbátan ìyá rẹ̀ ní Pólándì. Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun kékeré kan tó yí ayé rẹ̀ padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tú ẹ̀rọ rí mọ̀ pé irin róbótó eléyín ló máa ń yí irin róbótó eléyín mìíràn. Bí eyín wọn bá dúró gbọọrọ, ńṣe ni wọ́n máa ń gbá ara wọn, tí ariwo á sì pọ̀. Bí eyín náà bá dagun, ariwo á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn irin náà á máa fẹ́ yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí André rí ní Pólándì ni eyín tó dagun sọ́tùn-ún àti sósì, tí méjèèjì pàdé láàárín bí òrùlé ilé. Agbára tó ń fa irin sọ́tùn-ún bá èyí tó ń fà á sósì dọ́gba, irin kò sì lè yọ́ lọ síbì kankan mọ́. Ó ra ẹ̀tọ́ láti ṣe irú rẹ̀, ó padà sí Paris, ó sì wá ọ̀nà láti gbẹ́ eyín bẹ́ẹ̀ sára irin líle. Iṣẹ́ náà tà. Àmì tó wà níwájú gbogbo ọkọ̀ Citroën títí di òní, tó dà bí òrùlé méjì tí a gbé lé ara wọn, eyín irin yẹn ni.

Kí ogun ńlá tó bẹ̀rẹ̀, ó ti bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Mors ṣiṣẹ́ nígbà tí òwò wọn fẹ́ dojú dé, ó sì gbé e dìde. Ó tún ti ka ohun tí Henry Ford ń ṣe ní Amẹ́ríkà sí. Ní Yúróòpù nígbà náà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ ló máa ń kóra jọ yí ọkọ̀ kan ká títí yóò fi parí. Iye rẹ̀ ń wọ́n, àwọn olówó nìkan ló ń rà á. Ní ilé-iṣẹ́ Ford, oṣiṣẹ́ kò kúrò lójú kan, ọkọ̀ ló ń kọjá níwájú rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni oníkálùkù sì ń ṣe. Ọkọ̀ ń pọ̀, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀.

Ogun dé ní ọdún 1914. Bernard, ẹ̀gbọ́n André, kú sójú ogun ní ọdún náà gan-an. André fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun nínú àwọn tó ń yin àgbá. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ọta àgbá kò tó. Àwọn ará Jámánì ń yìn láìdákẹ́, àwọn Faransé sì ń ṣírò ọta kí wọ́n tó yìn. Ó tọ àwọn aláṣẹ ogun lọ, ó sọ fún wọn pé òun lè kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta lójúmọ́, wọ́n sì gbà fún un. Ní etí odò Seine, ní àdúgbò Javel ní Paris, níbi tí ilẹ̀ ti ṣófo, ó gbé ilé-iṣẹ́ náà dìde láàárín oṣù díẹ̀ ní ọdún 1915. Kí ogun tó parí, ọta tó ti ibẹ̀ jáde lé ní mílíọ̀nù 20.

Àwọn ọkùnrin wà lójú ogun, nítorí náà àwọn obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà. Citroën ṣe ilé oúnjẹ fún wọn, ó ṣe ibi ìtọ́jú aláìsàn, ó sì ṣe ibi tí àwọn ìyá lè fi ọmọ ọwọ́ sí nígbà iṣẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Kì í ṣe àánú nìkan ló ṣe é fún. Ó mọ̀ pé ìyá tí ọkàn rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ ọmọ kò lè ṣe ọta púpọ̀.

Ogun parí ní 1918. Ta ni yóò ra ọta àgbá mọ́? Citroën ti ronú sí ìyẹn kí ibọn tó dákẹ́. Ní ọdún 1919, láti inú ilé-iṣẹ́ Javel kan náà, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde. Wọ́n pè é ní Type A. Ọkọ̀ yìí ni ó kọ́kọ́ jáde ní Yúróòpù ní ọ̀nà tí Ford ń gbà ṣe tirẹ̀. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kéde fún un ni fráǹkì 7.950, kò sì sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ ní iye yẹn. Lákòókò náà, bí ènìyàn bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, yóò tún lọ wá ẹni tí yóò bá a kan ara rẹ̀, yóò ra iná, yóò ra táyà lọ́tọ̀. Ti Citroën pé pérépéré: ara wà, iná wà, táyà àfikún wà, ẹ̀rọ tó ń jí ọkọ̀ láìjẹ́ pé a fi irin yí i níwájú náà wà. Ẹni tó bá ti sanwó, kó ṣáà wọlé kó máa wà á lọ.

Ọkọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e ní ọdún 1922. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè, àwọn ènìyàn sì fi orúkọ ọsàn kíkan pè é, ọ̀rọ̀ baba ńlá tún padà wá. Àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò nira láti wà. Citroën tún jẹ́ kí ènìyàn máa san owó ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ó kọ iye owó àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ lè mọ iye tí yóò san kó tó gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni tí mẹkáníìkì bá ti rẹ́ jẹ rí yóò mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó.

Bí a bá ní ká sọ òótọ́, kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń polówó ọjà tó o nígbà ayé rẹ̀. Ní 1922 ọkọ̀ òfurufú fi èéfín kọ orúkọ rẹ̀ sójú ọ̀run Paris. Ó gbé àmì ojú ọ̀nà kalẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Faransé, tí ó ń tọ́ka ìlú fún àwọn awakọ̀, tí àmì Citroën sì wà lára rẹ̀. Ó ṣe ọkọ̀ ìṣeré fún àwọn ọmọdé, nítorí ó fẹ́ kí ọmọ mọ orúkọ òun bó ti mọ orúkọ baba àti ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1925, ilé gogoro Eiffel tí ó ti ń wò láti kékeré di tirẹ̀ lálẹ́: ó fi gílóòbù 250.000 kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni iná náà fi tàn. Nígbà tí Charles Lindbergh ará Amẹ́ríkà dá nìkan fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní 1927, iná náà wà lára ohun tí ó fi mọ̀ pé òun ti dé Paris.

Ó mú ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Áfíríkà pẹ̀lú, nígbà tí Dahomey náà ṣì wà lábẹ́ Faransé. Ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ yìí kò ní táyà, rọ́bà gbọọrọ tó ń yí po ni wọ́n fi ń rìn lórí iyanrìn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1922, márùn-ún nínú wọn gbéra láti Touggourt ní Àlùjéríà, wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n sì wọ Tìmbúkútù ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1923. Kò tíì sí ọkọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1924, ọkọ̀ mẹ́jọ tún gbéra láti Colomb-Béchar lábẹ́ ìdarí Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil. Wọ́n gba Niger, wọ́n gba Chad, wọ́n la igbó Congo kọjá, wọ́n sì dé erékùṣù Madagascar ní oṣù kẹfà ọdún 1925. Wọ́n ya fíìmù, gbogbo Paris sì tú jáde wò ó. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n la ọ̀nà fún àwọn ọkọ̀ náà nínú igbó lábẹ́ àṣẹ àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣàkóso wọn. Orúkọ tiwọn kò sí lára ọkọ̀ kankan.

Ní ọdún 1929, ọkọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Citroën jáde lé ní 100.000. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó tó o ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, ìyà náà sì kọjá òkun wá díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn dẹ́kun ọkọ̀ rírà. Ẹlòmíràn ìbá dín ìnáwó kù. Citroën kò mọ bí a ti ń ṣe ìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀, owó àyálò ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí èrè bá wọlé, yóò ná an sórí ẹ̀rọ tuntun, yóò tún yá òmíràn kún un. Lálẹ́, ní Deauville, ó fẹ́ràn láti jókòó nídìí tẹ́tẹ́, ó sì ti pàdánù owó gọbọi níbẹ̀ lójú gbogbo ayé láìbojúwẹ̀yìn. Àwọn onílé-owó rí i, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú.

Ní ọdún 1933, ó gé owó oṣù àwọn oṣiṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún kan náà, ó wó púpọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ Javel, ó sì tún un kọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ó pe àwọn ènìyàn tó lé ní 6.000 wá jẹun nínú rẹ̀ nígbà tó parí. Ẹni tó bá ń jẹ gbèsè tó sì ń sè fún 6.000 ènìyàn, ó yẹ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fà á létí. Bí wọ́n bá fà á, kò gbọ́.

Ó gbà gbọ́ pé ọkọ̀ tuntun kan ni yóò gba òun là. Ó ní àwọn tó mọṣẹ́ lọ́dọ̀. André Lefebvre tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, Flaminio Bertoni ará Ítálì tó ń gbẹ́ ère sì ni ó ya ìrísí ọkọ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, iwájú ni ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń yí. Irin gígùn kan ló ń gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, nítorí náà ni ọkọ̀ fi máa ń ga tí a ó fi máa fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn wọ inú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tuntun yìí, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ̀rọ ń yí. Iwájú ń fa ọkọ̀ bí ẹṣin ti ń fa kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn kò sì ní ju kó tẹ̀ lé e. Irin gígùn kò sí mọ́, ilẹ̀ ọkọ̀ wálẹ̀, ọkọ̀ sì di ọ̀nà mú nígbà tó bá ń yí kọ́nà. Ara rẹ̀ àti egungun rẹ̀ di ohun kan ṣoṣo tí a fi irin pẹlẹbẹ jó pọ̀. Omi inú páìpù ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ibi ìjánu ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan ti dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ṣáájú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọkọ̀ tí yóò máa jáde lọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń sáré láàárín Cotonou àti Porto-Novo, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1934 ni wọ́n fi ọkọ̀ náà han ayé. Wọ́n ń pè é ní Traction Avant. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi ṣe é, ìkánjú yẹn sì hàn. Citroën fẹ́ kí ọkọ̀ náà máa yí jíà rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò, ó kọ̀, àfi kí wọ́n sáré padà sí jíà ọlọ́wọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà rí ìyọnu: ohun kan já, òmíràn ṣẹ́. Wọ́n ń gbé ọkọ̀ padà wá. Àbùkù wọ̀nyí ṣeé tún ṣe, wọ́n sì tún wọn ṣe nígbà tó yá. Ọjọ́ ni kò sí mọ́.

Owó tán. Ó bẹ àwọn onílé-owó, ó bẹ ìjọba, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Iná tó wà lára ilé gogoro Eiffel kú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1934, kóòtù kéde pé ilé-iṣẹ́ Citroën kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́. Michelin tó ń ta táyà fún un ni ó jẹ lówó jù lọ, Michelin náà ni ó sì gba ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n dá àwọn oṣiṣẹ́ kan dúró, wọ́n gé ìnáwó, wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe. Ọkùnrin tó ni orúkọ tó wà lójú ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kò ní àṣẹ nínú rẹ̀ mọ́.

Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára nígbà náà. Àrùn jẹjẹrẹ inú ikùn ni. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1935, lẹ́ni ọdún 57, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Montparnasse. Giorgina, aya rẹ̀ tó fẹ́ ní ọdún 1914, ló ṣẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ọkọ̀ tó gba ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò kú. Wọ́n ṣe Traction Avant títí di ọdún 1957, iye rẹ̀ sì lé ní 700.000. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba ilé-iṣẹ́ náà ni 2CV ti jáde ní 1948, èyí tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa kan ṣì rántí ìró rẹ̀, tí DS sì jáde ní 1955. Àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n. André Lefebvre tó ṣiṣẹ́ lórí Traction ló tún ṣiṣẹ́ lórí wọn, Bertoni náà ló sì ya ìrísí wọn.

Ní àdúgbò Javel, etí odò tí ilé-iṣẹ́ wà ń jẹ́ orúkọ André Citroën báyìí. Wọ́n ti wó ilé-iṣẹ́ náà. Ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n ṣe sórí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń sáré lórí koríko níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe ọta àgbá ní ọdún 1915.